Ọ̀gá, Márùn-ún Ò Dín

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ̀gá mi bá mi wí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ nítorí pé mò ń ka ìbọn ní èdè Yorùbá. Ẹ rọra, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo ti sìnkú bàbá mi, mo sì lọ́mọ tó ti ga jù mí lọ. Ọmọkùnrin tí mo lè rán lọ ra omi bó bá jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ la wà ló dúró níwájú mi, tó ní láti òní lọ, Gẹ̀ẹ́sì nìkan la ó máa fi ka nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù ìbọn òun ní Amẹ́ríkà níhìn-ín. Mo ní "Yes, sir." Orúkọ rẹ̀ ló fẹ́ kí n máa pe òun, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀.

Ohun tó fà á kò tó nǹkan. Àwa méjì la máa ń ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, èmi àti bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun. Èmi a máa kà, òun a máa sàmì sí bébà. Àpótí gíláàsì àkọ́kọ́ gba ìbọn ìléwọ́ 45. Mo kà á tán, mo ní, "márùndínláàádọ́ta." Bàbá náà ní kí ló dé tí nọ́ńbà fi gùn tó orúkọ ènìyàn. Inú mi dùn pé ẹnìkan béèrè, ni mo bá sọ ara mi di tíṣà. Mo ní àwa kì í ka 45 bíi tiyín, a ó kọ́kọ́ dé àádọ́ta ná, ká tó wá yọ márùn-ún kúrò. Mo wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó lè yé e: àádọ́ta ni, àmọ́ márùn-ún dín.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá wa, ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. "Márùn-ún dín" nìkan ló gbọ́. Ojú rẹ̀ funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sì mọ̀ pé ó ti funfun tẹ́lẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gba bébà lọ́wọ́ bàbá, a bẹ̀rẹ̀ kíkà látòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìbọn pé 45 lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo wá fẹ́ ṣàlàyé, àlàyé sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá, torí bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mò ń sọ "dín" sí i. Ó ní òun ò lè ní nọ́ńbà tí ìbọn ti dín nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun.

Ìyá mi nílé mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Houston. N kò purọ́, irin kúkú ni. Ìyá tó jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé irin ni, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé Ògún á gbè mí. Wọ́n rántí ara wọn, wọ́n fi orúkọ Jésù dí i. Ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ nígbà tí mo dé ìhín, ìwé-ẹ̀rí mi di nǹkan tí wọ́n ń wò bí ẹni ń wo fọ́tò òkú. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló gbà mí, nítorí wọ́n nílò ẹni tó lè kọ ìwé láìṣì í kọ. Ìwé ni ọba iṣẹ́ yìí. Ìbọn kankan kò gbọdọ̀ wọlé tàbí kó jáde láìjẹ́ pé nọ́ńbà ara rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rọ ọ́ àti ọjọ́ tó dé wà nínú ìwé ńlá kan. Bí ATF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, bá wá, ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, kì í ṣe ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìbọn ṣe ń sùn. Tó bá di aago méje alẹ́, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa nínú. Àwọn ìbọn ìléwọ́ la ó kọ́kọ́ kó, pẹ̀lú tíréè tí wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sí, a ó gbé wọn wọ yàrá irin tó wà lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn yàrá náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé èjìká ni mo fi ń tì í, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán. Àwọn ìbọn gígùn ò lè wọlé tán, nítorí náà orí ògiri ni wọ́n ń sùn. A ó fi okùn irin gba inú òrùka tó yí ibi tí ìka ti ń fa ìbọn ká, láti èyí àkọ́kọ́ dé èyí ìkẹyìn, a ó wá fi àgádágodo dè é ní ìpẹ̀kun. Ó máa ń rán mi létí àwọn ẹja tí wọ́n fi igi gún ní Ṣábọ̀. A kì í bo àpótí gíláàsì tó ṣófo, iná rẹ̀ a sì máa tàn mọ́jú, kí olè tó bá yọjú láti ìta lè rí i pé kò sí nǹkan. Ìwé ńlá náà kì í sùn síbi tí ìbọn ń sùn, torí bí ìbọn bá lọ tí ìwé sì tẹ̀lé e, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó sọnù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn irin tí a ń fà wálẹ̀, kámẹ́rà, àti áláàmù tó ní fóònù tirẹ̀ nínú, kó lè ké bí ẹnìkan bá tiẹ̀ gé wáyà.

Mo rò pé ìjọba ló pàṣẹ gbogbo èyí. Rárá o. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sọ pé kí ẹni tó ń ta ìbọn tì í mọ́lé lálẹ́. Ó pàṣẹ ìwé, ó sì pàṣẹ pé bí olè bá jí i, kí o sọ fún ATF àti ọlọ́pàá ìlú láàrin wákàtí 48 tí o bá ti mọ̀. Bí ìbọn ṣe sùn, ọwọ́ olówó ṣọ́ọ̀bù ló wà. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe tiwọn: ní California, tí o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, ìbọn gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tó lágbára tàbí sééfù tí iná ò lè jó, tàbí kí o fi ọ̀pá tàbí okùn irin dè é, òfin sì sọ bí okùn náà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Illinois fọwọ́ sí tiwọn ní 2019. Ní Texas níhìn-ín, ìwọ àti orí rẹ ni.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí padà fún mi. Nílé, àwa ènìyàn là ń ti mọ́lé. Irin ní fèrèsé, irin lẹ́nu ọ̀nà, àfọ́kù ìgò lórí fẹ́ǹsì, àgádágodo mẹ́ta lára géètì, ọlọ́dẹ a sì máa fi òkúta lu òpó iná láti sọ fún olè pé òun ò tíì sùn. Olè náà a mọ ibi tó wà, á yà. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà bàbá mi àgbà, ara ìṣó ló ń gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adìẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. N kò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n sọ pé kí a má fọwọ́ kàn án, a kàn mọ̀ ni. Àdúgbò tí mò ń gbé báyìí wá ńkọ́? Fèrèsé gíláàsì tó tó ara ògiri, kò sí fẹ́ǹsì, kò sí irin kankan, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi òkúta kan wọlé. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé, n kò lè sùn. Mo bi onílé pé ta ni mo lè pè kó bá mi jó irin sí fèrèsé. Ó rò pé ẹ̀wọ̀n ni mo ti dé.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, fóònù mi dún ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru. Nígbà yẹn, àwọn ìbọn olówó ńlá nìkan la máa ń kó wọ yàrá irin. Àwọn tó kù ń sùn nínú gíláàsì, torí ó máa ń rẹ̀ wá, ojoojúmọ́ la sì ń sọ pé ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan jí pikọ́ọ̀pù, wọ́n fi ìdí rẹ̀ gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù wọlé. Áláàmù ké, kámẹ́rà ń wò, gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe polówó rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, wọ́n ti lọ. Ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ péré ni wọ́n lò nínú ilé.

Wọ́n ní kí n wá wo fídíò náà. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fi aṣọ bo ojú, òòlù wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ìkẹta wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n fi ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ó yọ̀ lórí àfọ́kù gíláàsì, ó ṣubú, àwọn méjèèjì sì dúró dè é. Orúnkún rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ọmọ mi. N kò tíì gbàgbé orúnkún yẹn. Ẹni tó bá jí ìbọn kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù tó ní láísẹ́ǹsì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Mọ́kànlá ni wọ́n kó.

Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó mọ nọ́ńbà áláàmù. Àwa mẹ́ta la mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n bá bàbá ológun sọ̀rọ̀ díẹ̀. Wákàtí méjì ni èmi jókòó. Wọ́n ní ta ni mo bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo ní ìyá mi. Wọ́n ní èdè wo. Wọ́n ní kí la sọ. Mo ní a sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé wa tí ìjì ṣí, àti iye tí káfíńtà ní òun máa gbà. Ẹni tó ń kọ̀wé ní kí n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń túmọ̀ páánù àti ìṣó fún ọlọ́pàá. Kò sí nọ́ńbà áláàmù nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó fi ọkọ̀ wọlé kò kúkú nílò nọ́ńbà. Wọ́n tọrọ àforíjì níkẹyìn, wọ́n fún mi ní omi inú ike.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní 2017, irú olè ilé yìí ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn tó lé ní 500 ní Amẹ́ríkà, ìbọn tó lọ sì lé ní 7,000. Ní Okudù 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ikú George Floyd, ìbọn tó lé ní 1,000 ló lọ láàrin ọjọ́ bíi mélòó kan.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ ATF kan pè. Wọ́n ti rí ọ̀kan nínú mọ́kànlá, ní ìlú mìíràn. Ọ̀gá gbé ìwé ńlá náà fún mi pé kí n bá òun ka nọ́ńbà rẹ̀, torí ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́fà. Ọkùnrin náà ní ó pé. Ọ̀gá bi í pé ìgbà wo la máa rí i gbà padà. Ó ní yóò pẹ́, ẹ̀rí ni, ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò béèrè irú ẹjọ́ wo. Mo ti ìwé.

Mo rántí àbúrò bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó wọlé wọn lóru ní ìbọn lọ́wọ́, gbogbo irin fèrèsé yẹn kò sì dá wọn dúró. Wọ́n sin àbúrò bàbá mi lọ́jọ́ kejì. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí ìbọn yẹn ti wá, ta ló kọ nọ́ńbà rẹ̀, inú ìwé wo ló wà. Mi ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì, kí o má mọ̀, àbí kí ó jẹ́ ọwọ́ ara rẹ ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn olè náà ni ọ̀gá ri òpó irin mẹ́fà tí wọ́n ro kọnkéré sínú sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà náà la bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ìbọn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì máa ń yọ́ mọ́ mi lẹ́nu tó bá ti ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n márùndínláàádọ́ta, o ò lè sọ ọ́ láìronú. Èyí ni ọ̀gá ò mọ̀ nígbà tó ń bá mi wí. Èmi náà ò sọ fún un. Àlàyé ti kó mi sí wàhálà rí.

Nítorí náà, ní alẹ́ ọjọ́rú, mo kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọnù ní ọgbọ̀n lé díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá ológun ń wò mí láti orí bébà. Nígbà tí mo kà á tán, ó rọra bi mí pé, "Mélòó ló dín?" Mo ní márùn-ún. Ó sàmì sí i, ó ń rẹ́rìn-ín wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ iléèwé.

A fi okùn irin gba ara àwọn ìbọn gígùn, mo fi èjìká ti yàrá irin, a fa ilẹ̀kùn wálẹ̀. Mo tẹ nọ́ńbà áláàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì, pìì. Ìṣẹ́jú àáyá 45 ló máa ń fún wa láti jáde. Mo kà á ní Yorùbá títí mo fi jókòó sínú mọ́tò.