Orúkọ ara ìgò nìkan kò tó: ohun tí mo kọ́ nípa yíyan ohun ìkunjú fún ìyàwó

Ìbéèrè tí àwọn ìyàwó máa ń kọ́kọ́ bi àwa tí a ń kun ojú ìyàwó ni, "Àǹtí, ṣé MAC lẹ máa lò fún mi?" Ilé iṣẹ́ ohun ìkunjú kan ni MAC. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ojú yín ná, kí n mọ ibi tí ìnáwó yẹn ti máa wáyé, kí n sì mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tí gbogbo ohun tó ń ṣe dára délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó mọ foundation (ìpara aláwọ̀ ara tí a fi ń bo gbogbo ojú) ṣe dáadáa lè má mọ atíkè ṣe. Ẹni tí àwọ̀ ojú rẹ̀ (èyí tí a fi ń kun ìpéǹpéjú) ò lẹ́gbẹ́, lípsítíìkì rẹ̀ lè má pé wákàtí méjì kó tó ṣí. Nítorí náà, nǹkan kọ̀ọ̀kan là ń yàn, a kì í yan orúkọ.

Ẹ wo bí ọjọ́ ìgbéyàwó wa ṣe máa ń rí. Ìyàwó á jókòó síwájú wa láago márùn-ún ìdájí, ìdána á bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá, bí wọ́n bá so ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níkáà mọ́ ọn, ilẹ̀ á ṣú kó tó fọ ojú yẹn kúrò. Láàárín ìgbà náà, á kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó sunkún. Gèlè aṣọ òkè á fún iwájú orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Á pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan á sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ẹbí á máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bí owó náà bá já bọ́, ẹ mú un wò: foundation máa ń wà lára náírà, pàápàá láti òkè imú dé ibi tí gèlè ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè fara da gbogbo èyí nínú ooru Ìbàdàn ní oṣù kẹta là ń wá. Ohun tó dára fún lílọ sí ọ́fíìsì lè má gbé e rárá.

Bí owó bá kéré, orí foundation ni kí ẹ ná an sí. Fún ojú tó máa ń yọ òróró, mo fara mọ́ èyí tí kì í dán, tí wọ́n ṣe láti pẹ́ lójú: Estée Lauder Double Wear, MAC Studio Fix Fluid, Fenty Pro Filt'r. Ìdí tí irú wọn fi ń pẹ́ ni pé omi inú wọn máa ń fẹ́ lọ kíákíá, á wá ku ohun tó máa lẹ̀ mọ́ awọ bí ó ti gbẹ. Gbígbẹ kíákíá yẹn náà ló ń fa wàhálà fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá to o káàkiri ojú lẹ́ẹ̀kan náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn tẹ̀ ẹ́, apá tí ẹ kọ́kọ́ fi sí á ti le, á sì máa hàn bí ààlà. Ẹ ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Bí 1 ml ló tó ojú kan, ìyẹn ni pé ìgò 30 ml á ṣe ojú bíi 25 sí 30. Bí ẹ bá rí i pé ìgò yín ò ṣe tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti ń fi púpọ̀ jù, foundation tó bá sì ti nípọn jù ló máa kọ́kọ́ là níbi ìrẹ́rìn-ín.

Fún ojú gbígbẹ, ẹ má lo irú èyí láìdíwọ̀n. Á lẹ̀ mọ́ ibi tí awọ ti ń bó, á sì mú kí ìyàwó dà bí ẹni tó dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìpara olómi pa ojú, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá lo èyí tó ń tàn díẹ̀, tàbí kí ẹ po ẹ̀kán ìpara kan mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣègbéyàwó ní London tàbí Toronto nígbà òtútù nílò èyí gan-an, torí afẹ́fẹ́ inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná máa ń fa omi ara gbẹ. Ohun tó dára fún ìyàwó kan l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan náà, lè kọ̀ lójú rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ló kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Nígbà tí Fenty jáde ní 2017 pẹ̀lú àwọ̀ 40, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú kún tiwọn. Ó dára, ṣùgbọ́n bí àwọ̀ bá ṣe ń pọ̀ náà ni ṣíṣi ọ̀kan mú fún èkejì ṣe ń pọ̀. Ti MAC ni ó máa ń dà á rú jù. NC wà fún ẹni tí àwọ̀ abẹ́ awọ rẹ̀ sún mọ́ ìyeyè, NW sì wà fún ẹni tí tirẹ̀ sún mọ́ pupa. NC45 àti NW45 kì í ṣe ohun kan náà rárá, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tan yín jẹ. Bákan náà, nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu.

Ẹ má dán foundation wò lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ fa ìlà mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti eegun àgbọ̀n sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn, kí ẹ mú ìyàwó lọ sẹ́bàá fèrèsé, torí iná inú ṣọ́ọ̀bù máa ń purọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Foundation mìíràn máa ń ṣú sí i nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ, tí òróró ojú sì ti pò mọ́ ọn. Èyí tó bá ọrùn mu lójú ẹsẹ̀ lè di pupa osùn kí ogún ìṣẹ́jú tó pé. Èyí tó bá ṣì bá àyà àti ọrùn mu lẹ́yìn ìgbà yẹn ni kí ẹ mú. Bí iwájú orí àti àyíká ẹnu bá ṣú ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, bó ṣe máa ń rí lára ọ̀pọ̀ wa, àwọ̀ méjì lẹ nílò, ọ̀kan kò ní í tó.

Ẹni tó ń bóra ni kí ẹ farabalẹ̀ jù lọ fún. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ọrùn rẹ̀ á dúdú díẹ̀, oríkèé ọwọ́ rẹ̀ á sì dúdú jù. Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀, ẹ má dójú tì í lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọrùn àti àyà ni kí ẹ bá mu. Awọ tí ìpara ìbóra ti sọ di fẹ́lẹ́ máa ń tètè yún, ó sì máa ń tètè sú, nítorí náà ẹ yẹra fún ohunkóhun tó ní òórùn dídùn tó pọ̀.

Ẹ kíyè sí SPF, ìyẹn ààbò oòrùn tó wà nínú ohun ìkunjú, pẹ̀lú. Titanium dioxide àti zinc oxide tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, bí iná kámẹ́rà bá sì kọ lù wọ́n, ojú á funfun nígbà tí ọrùn dúdú. Atíkè HD (èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà) tó kún fún silica náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi púpọ̀ sí i. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le: ẹ pa gbogbo iná yàrá, kí ẹ fi iná fóònù ya ojú náà ní fọ́tò. Bí nǹkan bá funfun, ẹ ṣì ní àkókò láti yí i padà kí ayàwòrán tó dé.

Ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé nǹkan méjì tó dára lè ba ara wọn jẹ́. Ẹ ka ohun márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ sẹ́yìn primer yín (ohun tí a ń pa sójú ṣáájú foundation). Bí omi ló ṣáájú, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ tó parí sí "cone" tàbí "siloxane" nítòsí, olómi ni. Bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú, sílíkónì ni. Ẹ yẹ foundation wò bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, kí ẹ fi olómi lé olómi, kí ẹ fi sílíkónì lé sílíkónì. Bí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, foundation lè máa ká jọ ní wínníwínní lábẹ́ kànìnkànìn, tàbí kó yọ̀ kúrò ní imú láàárín wákàtí mẹ́ta. Primer tó ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan ti tó. Ẹ fi sí imú, àárín iwájú orí àti àgbọ̀n, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kó tó kan nǹkan mìíràn.

Ní ti bíbo dúdú abẹ́ ẹyinjú mọ́lẹ̀, concealer (ìpara tó nípọn tí a fi ń bo àbàwọ́n) aláwọ̀ ọsàn ni a kọ́kọ́ ń lò, L.A. Girl Pro Conceal sì ń ṣe é dáadáa láìgbówó lórí. Bí ẹ bá fi concealer tó mọ́lẹ̀ nìkan sórí dúdú náà, eérú ló máa jọ. Atíkè Banana ti Ben Nye náà kò wọ́n, ó sì bá àwọ̀ wa mu nítorí ìyeyè inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má fi nù ún. Níbi tí gèlè máa gúnlẹ̀ sí, ẹ tẹ atíkè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi tíṣù fa òróró kúrò kí ẹni tó ń wé gèlè tó bẹ̀rẹ̀.

A ní tiwa nílé. Tara Fela-Durotoye bẹ̀rẹ̀ House of Tara ní 1998 láti ìdí kíkun ìyàwó, Zaron náà jẹ́ ilé iṣẹ́ tiwa, Juvia's Place sì jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà ní Amẹ́ríkà. Fún àwọ̀ ojú, mi ò rí ìdí tí a fi ń sáré ra ti òkè òkun tó wọ́n nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń mú àwọ̀ jáde ketekete lára awọ dúdú. Ohun tó ń tàn wínníwínní ni kí ẹ ṣọ́ra fún: èyí tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ọwọ́ àti káàdì kò yẹ kó sún mọ́ ẹyinjú. Tìróò ìbílẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sójú ìyàwó. Ní 2011, ní Boston, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó kan tí wọ́n ń fi tìróò láti Nàìjíríà lé ojú fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé. Pẹ́ńsùlù tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí omi kì í ṣí, ni kí ẹ lò.

Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá mọ́ ojú kéré, àmọ́ òun ló ń dójú ti ènìyàn jù. Gọ́ọ̀mù DUO ní èyí tó ní latex (oje rọ́bà), ó sì ní èyí tí kò ní. Ẹ bi ìyàwó bóyá bàlúù tàbí ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń yún un lára, kí ẹ tó yàn. Ẹ fà á tín-ín-rín sẹ́yìn irun náà, kí ẹ dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kó bẹ̀rẹ̀ sí í fà kí ẹ tó gbé e lé ojú. Bó bá ṣì tutù, ìgun ojú tó sún mọ́ imú ló máa kọ́kọ́ ṣí nígbà tí omijé bá dé.

Setting spray, ohun olómi tí a ń fẹ́ sórí mékọ́ọ̀pù: ẹ jìnnà sí ojú tó 20 sí 30 cm. Ọ̀pọ̀ ń lo Fix+ ti MAC bí ẹni pé ó ń di mékọ́ọ̀pù mú. Iṣẹ́ rẹ̀ gangan ni láti mú ojú tutù, kí atíkè má hàn lórí awọ. Èyí tó ń dì í mú ni irú Urban Decay All Nighter. Mo máa ń fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn foundation, kí n tún fẹ́ ẹ níparí.

Ní ọjà Balógun àti Trade Fair, ayédèrú kún inú ojúlówó. Bí iye owó bá fi ìlàjì dín sí ti ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà, ẹ fura. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí ìgò, kí ẹ fi wé ti ara páálí: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, torí ayédèrú sábà máa ń rùn bí ọ̀dà. Ẹ wá àwòrán agolo kékeré tó ṣí ìdérí: 12M inú rẹ̀ túmọ̀ sí oṣù méjìlá lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ìdí ìgò. Mascara, tí a fi ń kun irun ìpéǹpéjú, kì í kọjá oṣù mẹ́ta. Bó ṣe wù kí ó wọ́n tó, ẹ dà á nù, ẹ má sì ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bọ ojú ènìyàn méjì.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò mékọ́ọ̀pù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà, ó kéré tán. Ẹ fi díẹ̀ nínú foundation, primer àti gọ́ọ̀mù sẹ́yìn etí tàbí sí ìgbọ̀nwọ́ níbi tó ti máa ń ká, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ lè mọ èyí tó bá yún un, kí ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 sí 48. Ẹ ní kí ìyàwó wọ̀ ọ́ lọ jáde ní ọjọ́ àyẹ̀wò, kó fi ṣe iṣẹ́, kó jẹun, kó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sí yín lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìgbéyàwó, ẹ má jẹ́ kó gbìyànjú ọṣẹ tàbí ìpara tuntun kankan, bí ọ̀rẹ́ ló fún un, bí ìyá ọkọ ló fún un.

Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ẹ fún ọ̀rẹ́ ìyàwó ní àpò kékeré: lípsítíìkì tí ẹ lò gan-an, tíṣù tó ń fa òróró, atíkè díẹ̀ nínú ike mímọ́, kànìnkànìn tuntun kan àti gọ́ọ̀mù. Ẹ fi hàn án pé òógùn ni a ń kọ́kọ́ fi tíṣù tẹ̀ kúrò, ẹ̀yìn náà ni atíkè. Bí ó bá fi atíkè lé òógùn, á ṣùpọ̀ níwájú orí, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì kù ni kí wọ́n nu ibẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.