Ògiri Tí LTO Wó Nínú Kernel Linux

Nínú kernel Linux (ọkàn ètò náà) ẹ̀dà 5.12, Makefile kékeré kan (fáìlì tó ń sọ bí a ó ṣe compile kóòdù) wà nínú fódà arch/x86/power. Ọ̀kan lára àwọn ìlà inú rẹ̀ ni èyí: CFLAGS_REMOVE_cpu.o := $(CC_FLAGS_LTO). Ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé kí LTO (link-time optimization, ìyẹn àtúnṣe kóòdù nígbà ìsopọ̀) má ṣe fọwọ́ kan fáìlì cpu.c. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé ẹnìkan kàn ń sá fún wàhálà ni. Èmi ni mi ò mọ̀.

Inú cpu.c ni function (ege kóòdù tí a lè pè) tó ń dá processor padà sípò wà, nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí lójú oorun. Lórí x86-64, àyẹ̀wò tí compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) máa ń fi sínú function láti fi ṣọ́ stack, ibi ìrántí tí function ń lò, ń gba ọ̀dọ̀ register %gs (àyè kékeré kan nínú processor) lọ ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, %gs fúnra rẹ̀ kò tíì padà sípò, function yìí gan-an ni ó fẹ́ dá a padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń compile cpu.c láìsí àyẹ̀wò stack nínú rẹ̀. Ìṣọ́ra yẹn tó, níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá wà láàárín fáìlì kan àti èkejì. LTO ló wó ògiri náà. Clang, compiler tí a fi ń kọ́ kernel pẹ̀lú LTO, wá lè lọ mú function láti inú fáìlì mìíràn, èyí tí wọ́n ti ní kí àyẹ̀wò stack wà nínú tirẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín function tí kò yẹ kí àyẹ̀wò kankan wọ̀, àyẹ̀wò náà á sì bá a wọlé. Bí kọ̀ǹpútà bá ti dé ibẹ̀, yóò ka ibi tí kò yẹ kó kà, yóò sì kú kó tó jí tán.

Kí n ṣàlàyé ohun tí LTO jẹ́ fún ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé. Bí a bá ń compile kernel lọ́nà tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, fáìlì .c kọ̀ọ̀kan ni compiler ń sọ di fáìlì .o tirẹ̀. Nígbà tó bá ń ṣe ti ọ̀kan, kò mọ ohun tó wà nínú èkejì, iṣẹ́ linker sì ni láti wá so gbogbo wọn pọ̀ níkẹyìn láìyẹ inú wọn wò. Ní ti LTO, bitcode LLVM (LLVM ni ìdílé irinṣẹ́ tí Clang wà nínú rẹ̀) ni Clang ń kó sínú .o, kì í ṣe èdè ẹ̀rọ. Ìgbà ìsopọ̀ ni iṣẹ́ tòótọ́ ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gbogbo kernel ti wà lójú kan, tí compiler fi lè rí i pé function báyìí kò ní ẹni tó ń pè é mọ́, tàbí pé èyí tó wà nínú fáìlì kan kéré tó láti tẹ̀ mọ́ inú ẹni tó ń pè é láti fáìlì mìíràn.

Andi Kleen, olùgbékalẹ̀ kernel kan, ti gbé irú iṣẹ́ yìí wá fún GCC, compiler mìíràn, láti nǹkan bí ọdún 2012, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á wọlé. Ọ̀dọ̀ Android ni ọ̀nà ti là. Google fẹ́ CFI, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń rí i dájú pé bí kernel bá pe function nípasẹ̀ pointer (àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí i), irú function tó yẹ kó pè ló pè. CFI ti Clang nígbà náà kò sì lè ṣiṣẹ́ bí kò bá rí gbogbo kernel lẹ́ẹ̀kan náà. Pixel 3, tó jáde ní ọdún 2018, ni ó kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra fóònù. Sami Tolvanen ni ó wá ṣe iṣẹ́ ńlá láti mú LTO wọ inú kernel gbogboogbò, ó sì wọlé ní ẹ̀dà 5.12, ní oṣù kẹrin ọdún 2021, fún arm64 (irú processor ARM) àti x86-64. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé nígbà tó di ẹ̀dà 6.1, wọ́n gbé irú CFI mìíràn wá tí kò nílò LTO rárá. Àlejò tí a torí rẹ̀ tún ilé ṣe ti gba ibòmíràn wọlé, ṣùgbọ́n àtúnṣe ilé náà kò ṣòfò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ initcall. Initcall ni àwọn function tí kernel máa ń pè nígbà tó bá ń gbéra nílẹ̀. Wọ́n pín wọn sí ìpele ìpele, láti early títí dé late. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tó wà ní ìpele kan náà, bí orúkọ fáìlì wọn bá ṣe tò nínú Makefile ni linker ṣe ń tò wọ́n, bí linker bá sì ṣe tò wọ́n ni kernel ń pè wọ́n. Ìwé àlàyé kernel fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bí ètò yìí bá yí padà, àwọn controller SCSI (ohun èlò tó ń darí díìsì) lè fara hàn ní ètò mìíràn, kí nọ́ńbà àwọn díìsì sì yí padà. Ẹni tí díìsì rẹ̀ tó ń jẹ́ sda bá ti di sdb lójú ara rẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Láti ọdún gbọọrọ ni wọ́n ti gbára lé ètò Makefile, ṣùgbọ́n LTO kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn pé òun yóò pa á mọ́. Ojútùú tí wọ́n wá ni pé kí initcall kọ̀ọ̀kan ní section tirẹ̀ (apá kan nínú fáìlì tí linker ń tò), pẹ̀lú orúkọ tí kò jọ ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ Perl kan tó ń jẹ́ generate_initcall_order.pl á ka àwọn fáìlì bitcode bí wọ́n ṣe tò, á sì kọ linker script tí yóò fi ipá to àwọn section náà padà bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n wà. Iṣẹ́ náà kò lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú.

Lórí arm64, ewu mìíràn wà tó fara sin ju èyí lọ. Bí kóòdù bá ka pointer kan, tó sì gba inú rẹ̀ lọ ka ohun tó ń tọ́ka sí, processor ARM kò ní ka èkejì ṣáájú àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ibi nínú kernel ló fẹ̀yìn ti èyí. Wàyí o, compiler tó rí gbogbo kernel lè rí i pé pointer náà kò lè jẹ́ ju ohun kan tàbí méjì lọ, kí ó wá fi ìfiwéra rọ́pò rẹ̀, processor kò sì ṣe ìlérí kankan nípa kíkà tó bá wà lẹ́yìn ìfiwéra. Nítorí náà ni Will Deacon, olùgbékalẹ̀ kernel mìíràn, ṣe sọ READ_ONCE (ọ̀nà tí kernel ń gbà ka ohun kan nínú ìrántí) di load-acquire (kíkà tí èyí tó tẹ̀lé e kò lè ṣáájú rẹ̀) lórí arm64 nígbàkígbà tí LTO bá wà ní títàn. Àwọn kan lè sọ pé èyí ń gba lára ìyára tí a torí rẹ̀ wá LTO. Ní tèmi, owó tó yẹ ní sísan ni.

Objtool, irinṣẹ́ kernel tó ń yẹ èdè ẹ̀rọ inú .o wò, náà ní láti ṣípò. Bitcode kò ní ohun tó lè kà nínú, nítorí náà ó di ẹ̀yìn tí vmlinux.o (gbogbo kernel tí a ti so pọ̀) bá ti wà kó tó lè ṣiṣẹ́.

Èmi náà wá gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8GB. Odidi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi wá LTO nínú menuconfig (ojú ìwé tí a ti ń yan ohun tí kernel yóò ní) tí mi ò rí i, torí pé mo gbàgbé láti kọ LLVM=1 sẹ́gbẹ̀ẹ́ make. Nígbà tí mo rí i, ojúkòkòrò mú mi, mo yan Full, irú LTO tó ń kó gbogbo bitcode jọ sójú kan. Ìsopọ̀ ń lọ, RAM ń tán, ohun gbogbo lójú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, kernel tí mò ń lò fúnra rẹ̀ sì pa ld.lld, linker ti LLVM, kí kọ̀ǹpútà má bàa kú. Mo padà yan ThinLTO. Ìyẹn kì í kó gbogbo bitcode jọ sójú kan, ìsọníṣókí fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ wò kó tó pinnu ohun tí yóò yá láti ibòmíràn, ó sì ń kó èyí tó ti ṣe pamọ́ sínú .thinlto-cache. Ó parí láìsí wàhálà. Nígbà tí mo fi nm, irinṣẹ́ tó ń to orúkọ function inú fáìlì, wo vmlinux, mo rí àwọn function static (èyí tí fáìlì tirẹ̀ nìkan lè pè) tí .llvm. àti nọ́ńbà gígùn ti lẹ̀ mọ́ ìdí orúkọ wọn, nítorí pé ThinLTO ti mú wọn jáde kúrò nínú fáìlì tí wọ́n bí wọn sí.

Mo fi kernel náà sí i, mo tan kọ̀ǹpútà, àwọn díìsì mi sì wà ní ipò wọn. Lẹ́yìn náà ni mo pa ìdérí rẹ̀ dé, mo lọ bu omi mu, mo padà wá ṣí i. Ó jí.