Òkè Tí Rélùwéè Kó Lọ

Ọmọ ọmọ mi ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìyá rẹ̀ mú un wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti Èkó, láti Mile 2 dé Marina, nígbà tó sì padà sọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀pẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sinmi mọ́. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ̀yin ò wọ tiréènì rí. Kò kúkú sí tiréènì ní Ẹ̀pẹ́."

Òótọ́ ló sọ nípa Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ ojú omi làwa mọ̀, òsà ni títì wa kí ọ̀dà tó dé. Ṣùgbọ́n mo wọ yàrá lọ, mo tú ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi, mo gbé òkúta dúdú kan jáde. Kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e á fura, torí ó wúwo ju bó ti rí lójú lọ. Mo fún ọmọ náà ní òòfà tí mo yọ lára rédíò tó ti bàjẹ́. Bó ṣe gbé e sún mọ́ òkúta náà báyìí, pàá! Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Òkúta irin ni. Láti Bomi Hills ni, ní Làìbéríà, ibi tí mo ti gbé láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi pé mẹ́tàlá.

Kumasi ni wọ́n bí mi sí ní 1964. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi. Nígbà tí àṣẹ jáde ní Ghana ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn Yorùbá tó yí wa ká di ẹrù, wọ́n kọjú sílé. Bàbá mi kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ó ní òun ò lè wọ Ẹ̀pẹ́ lọ́wọ́ òfìfo. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Monrovia ti ránṣẹ́ pé wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ ní Bomi, àti pé dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń san owó. Dọ́là náà ni wọ́n sì ń ná lọ́jà nígbà yẹn lóòótọ́. Ìyá mi ta mọ́ínmọ́ín ọjọ́ kìíní, ó gba dọ́là, ó sì dì í sí igun ìró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Liberia Mining Company ló ń wa òkúta náà. Lansdell Christie, ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Republic Steel, ilé iṣẹ́ irin kan ní Amẹ́ríkà, sì wá ní ìpín ńlá níbẹ̀. Wọ́n la ojú irin láti Bomi lọ sí èbúté Freeport ní Monrovia, ó lé ní máìlì 40, ọdún 1951 sì ni òkúta àkọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òkun. Ní 1961 wọ́n tún fa ojú irin náà síwájú lọ sí Mano River, ibòmíràn tí wọ́n ti ń wa òkúta irin, lẹ́bàá ààlà Sierra Leone. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé fífẹ̀ rẹ̀ kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí ti rélùwéè àtijọ́ tó ń gbéra ní Ìddó: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó dà bíi pé ilé kò jìnnà mọ́ lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rìn lórí irin. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé sípánà gígùn àti òòlù, wọ́n á máa fún bóòtì tó ti tú, wọ́n á máa pààrọ̀ pákó tí irin sùn lé. Tí òjò Làìbéríà bá sì rọ̀ (ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò tíì rí òjò), omi á gbẹ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin, wọ́n á jáde lóru pẹ̀lú fìtílà. Bàbá mi á fi òòlù kan irin, á dẹtí. Ó ní èyí tó bá pé á dún gooro, èyí tó bá ti sán á dún kàkà. Ìyá mi ní kò sí àrà níbẹ̀, pé bí ìyá òun ṣe ń ra ìkòkò ní Ẹ̀pẹ́ náà nìyẹn, wọ́n á fi ìka kàn án kí wọ́n tó sanwó.

Etí làwa ọmọdé fi mọ rélùwéè náà ju ojú lọ. Èyí tó ṣófo, tó ń ti Monrovia bọ̀, ariwo rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, gbàlà-gbolo, gbàlà-gbolo, bí agbada òfìfo lórí ọmọlanke. Èyí tó kún, tó ń sọ̀ lọ sí èbúté, kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ni yóò gbọ̀n. Omi inú ife á máa mì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ á mọ̀ ọ́n kí etí rẹ tó mọ̀ ọ́n. Tí ilẹ̀ bá ti gbọ̀n ní ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á ní, "Ẹ gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jáde." Kò ní aago, kò sì wá aago.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gun ojú irin yẹn, kì í sì í ṣe inú ọkọ̀ tó ń kó òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò lórùlé, òun ni wọ́n fi ń yẹ ojú ọ̀nà wò. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá mi gbé mi sórí rẹ̀, ó di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó ní kí n má sọ̀rọ̀. A kọjá nínú igbó, ewé ń gbá wa lójú, títí a fi dé orí afárá odò Saint Paul. Mo wo ìsàlẹ̀. Láàrin pákó kan àti èkejì, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe omi. Mo fẹ́ ké, mo rántí pé wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, mo di itan bàbá mi mú. Nígbà tí a kọjá tán ló bi mí pé, "Ṣé o rí i?" Mo ní, "Mo rí i, sà." Inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan afárá náà.

Gbogbo ìgbà tí rélùwéè bá ń kọjá la máa ń sáré lọ júwọ́ sí i. Ìyá arúgbó kan, ọmọ ẹ̀yà Gola ní Làìbéríà, tó máa ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá mi, kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ó nawọ́ sí ibi ihò ńlá tí wọ́n gé ní ipele-ipele bí àtẹ̀gùn, ó ní òkè ló wà níbẹ̀ nígbà èwe òun. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láti fi bó ṣe ga tó hàn mí, ọwọ́ náà kò tó, ó sì gbé ojú sókè pẹ̀lú. Mo wo ibẹ̀, òfuurufú ni mo rí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fi hàn mí. Òkè yẹn ni ó ń kọjá lójú wa lójoojúmọ́ nínú ọkọ̀, òun la sì ń júwọ́ sí.

Ní 1977, iṣẹ́ parí ní Bomi. Ọkọ̀ tó ń ti Mano River bọ̀ ṣì ń kọjá, títí ti ibẹ̀ náà fi dákẹ́ ní 1985, ṣùgbọ́n a ti wálé nígbà yẹn. Títì la gbà, Abidjan, Accra, Lomé, Cotonou, Sẹ̀mẹ̀. Nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi ni òkúta yìí wà. Oṣù àkọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, bàbá mi kò rí oorun sùn dáadáa. Ó ní ilẹ̀ ibí dúró jù.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà ní òpin 1989, bàbá mi kò kúrò nídìí rédíò. Wọ́n kó àwọn tó sá fógun wá sí Òrù, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti Bomi wá. Ó rí ọ̀dọ́kùnrin kan níkẹyìn. Nígbà tí bàbá mi padà délé, kò jẹun. Ìyá mi bi í. Ó ní wọ́n ti hú irin náà, wọ́n ti tà á.

"Pákó ńkọ́, Bàbá Rìsì?"

"Wọ́n ti fi dáná."

Kò lọ sí Òrù mọ́. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò sí gíríìlì ẹnu ọ̀nà tàbí òpó irin kan ní àdúgbò wa tí kì í fi ìka kàn kó sì dẹtí sí.

Lóde òní omi ti kún inú ihò Bomi. Blue Lake ni wọ́n ń pè é. Mo máa ń wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù: àwọn ọ̀dọ́ dúró létí omi, wọ́n wọ aṣọ tó dáa, omi náà búlúù, ó sì lẹ́wà gidi. Èmi kì í wo omi. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò, inú igbó, bóyá n ó rí ibì kan tó tẹ́jú gbọọrọ bí ibi tí irin gbà kọjá. N kò tíì rí i.

Ọmọ ọmọ mi ní kí n fún òun ní òkúta náà kóun fi han olùkọ́ òun. Mo ní rárá, kó pe olùkọ́ rẹ̀ wá. A ti jọ fi àdéhùn sí i pé ní ìsinmi tó ń bọ̀, a ó jọ lọ sí Mile 2. Mo ní kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró sílẹ̀ kí ọ̀kan kọjá ná, kí n bọ́ bàtà mi.