Àwọ̀ ni mo fi yan òdòdó, omi ló bà á jẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ ìbí Màámi

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, àmọ́ tí mo bá ti ṣí fèrèsé yàrá mi láàárọ̀, ibi tí ebè òdòdó funfun tí mo kọ fún ọjọ́ ìbí Màámi wà ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ, àyà mi á sì já. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń dùn mí. Mo mọ̀ pé ohun kan náà ni gbogbo àwa tí à ń gbin òdòdó sáyìíká ilé ń ṣe: a ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, a ó rí àwọ̀ tó wù wá, a ó kó o sínú búùtù ọkọ̀, a ó sì gbìn wọ́n pọ̀ torí pé wọ́n bára mu lójú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà ṣe.

Màámi pé ẹni ọdún 70 nínú oṣù keje tó kọjá yìí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ wọn. Iwájú ilé mi n'Íbàdàn la fẹ́ ti ṣe ọjọ́ ìbí náà. Láti oṣù kejì ni mo ti pinnu pé mi ò ní fi òdòdó oníke kankan ṣe ẹ̀ṣọ́ fún wọn. Èyí tó wà láàyè ni mo fẹ́.

Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí àárọ̀ tí Màámi kì í súre fún wa ká tó jáde nílé: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékèélékèé ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun, ẹ ò ní ráhùn owó, ẹ ò ní ráhùn ọmọ. Inú àdúrà yẹn ni mo ti mú ètò mi. Ebè mẹ́ta: ọ̀kan fún agbe, ọ̀kan fún àlùkò, ọ̀kan fún lékèélékèé. Kí Màámi jókòó síwájú wọn, kí wọ́n rí àdúrà tí wọ́n gbà lé wa lórí tó ń tanná lójú wọn.

Ebè agbe rọrùn. Mo gbin plumbago, tí òdòdó rẹ̀ dà bí aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo wá gbin Thunbergia erecta sẹ́yìn rẹ̀, tí tirẹ̀ dà bí èyí tí a rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí ni Thunbergia yẹn ti wá, kò sì yọ mí lẹ́nu rí títí dòní. Ebè àlùkò ni mo gbin ixora pupa sí, pẹ̀lú ìdò, èyí tí èso rẹ̀ le tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, àti acalypha tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún.

Ebè lékèélékèé ni ọkàn mi wà lórí rẹ̀ jù. Mo fẹ́ kó funfun báláú. Mo ra spider lily, mo ra caladium tí ewé rẹ̀ funfun, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní lẹ́fúnlósùn, mo sì ra periwinkle funfun 40. Periwinkle yẹn kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀. Òdòdó Màámi ni. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ vincristine, òògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, Màámi sì ti fi ọwọ́ ara wọn bá àwọn dókítà so omi òògùn náà mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ lára. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn já ewé rẹ̀ jẹ o. Májèlé ni bí a bá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.) Ibikíbi tí Màámi bá ti rí periwinkle, wọ́n á dúró, wọ́n á kí i bí ẹni kí ènìyàn.

Ibi tí mo fi ebè yìí sí ni abẹ́ òrùlé, lápá ọ̀tún, torí ibẹ̀ ló kọjú sí ibi tí àga Màámi máa wà. Bàbá olódòdó tó bá mi kọ ebè náà dúró, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá Dáre, ibí ni páànù yín ń da omi sí o." Mo ní, "Bàbá, òdòdó ò ha ń mu omi ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹ ọkọ́ mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ka ibí yìí, wọ́n á ní mi ò gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bi ẹni tó tà á fún mi, ó ní spider lily àti lẹ́fúnlósùn fẹ́ràn omi gan-an, òótọ́ ló sì sọ. N kò kàn béèrè ti periwinkle ni, torí funfun ni òun náà, mo rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Oṣù kẹrin la gbìn ín, lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù karùn-ún, ó ti dùn ún wò. Mo ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, àwọn tó wà lókè òkun ń ní àwọn á fò wá. Ẹ̀yin náà mọ òjò Ìbàdàn tó bá di oṣù keje. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ló bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró tán títí di Ọjọ́rú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo jáde, mo rí i pé periwinkle tó wà láàárín ti tẹ orí kodò. Mo rò pé òjò ló lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n fi igi gbé e dúró, gbogbo rẹ̀ bá yọ sí mi lọ́wọ́ láìsí gbòǹgbò. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ jù, ó sì ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi. Mo fa èkejì. Bákan náà. Mo fa ẹ̀kẹta. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn mi, mo ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á. Nígbà tí mo dé 23, mi ò kà mọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo yí gbogbo ọ̀dọ̀ àwọn olódòdó ká láti wá òmíràn rà. Ti aláwọ̀ pupa ló kù lọ́wọ́ àwọn kan, òjò ti ba tàwọn yòókù jẹ́. Àwọn spider lily kò kú, lẹ́fúnlósùn kò kú, kódà ìgbà yẹn gan-an ni ara wọn dá jù, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni mo gbìn wọ́n sí, àárín wá ṣófo, amọ̀ pupa lásán ló gọntíọ síbẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ṣe ẹ̀ṣọ́ kánópì ní aṣọ funfun kan tó ṣẹ́kù. Mo gbà á, mo tẹ́ ẹ lé àárín ebè náà, mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ilẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e. Mo já spider lily márùn-ún, mo tò wọ́n sórí aṣọ. Mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, ó dára lójú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó dára lójú mi. Ẹni tí kò sùn láti Ọjọ́bọ̀ ni mí.

Ní nǹkan bíi aago 11, àwọn àlejò ti ń jókòó, onílù ti ń dá àwọn ènìyàn lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí à ń pè ní Màmá Òkè-Àdó, wọlé. Wọ́n rìn dé iwájú ebè náà, wọ́n dúró, wọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí o! Ta lẹ sin síbí?"

Onílù dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là. Ebè tó ga díẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, 3 ní ìbú, aṣọ funfun lórí, òdòdó lórí aṣọ. Lọ́jọ́ ìbí ìyá mi. Ìyá mi tó wà láyé.

Màámi ti dé ẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú gèlè wọn, wọ́n sì gbọ́. Wọ́n ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kó òdòdó márààrún kúrò, wọ́n gbé e fún ọmọ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa etí aṣọ náà yọ nínú ilẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá ká a, igun mọ́ igun, bí wọ́n ṣe máa ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ gbé àga mi sí apá ọ̀hún." Apá ti àlùkò ni wọ́n jókòó sí. Ayẹyẹ ń lọ, wọ́n jó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba owó lórí. Èmi wà nínú kíṣìnnì lẹ́yìn àwọn kúlà ìrẹsì, mo ń sunkún. Nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀kan tí ebè funfun ti hàn. Mo ní kí ayàwòrán gé e kúrò.

Ṣé ẹ rí i, àwọ̀ ni aṣọ, omi ni ẹbí. Ènìyàn 40 lè wọ aṣọ ẹbí kan náà síbi ìnáwó kí wọ́n má bára tan rárá. Òdòdó náà rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Madagascar ni periwinkle ti ṣẹ̀ wá, ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí ló mọ́ ọn lára. Tí oòrùn bá pa á, ó máa ń fara dà á, àmọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣáà wà nínú omi. Inú igbó olómi ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni lẹ́fúnlósùn ti wá ní tirẹ̀, ibòòji àti ilẹ̀ tútù ló ń wá. Mo fi àwọn méjèèjì sójú kan torí pé wọ́n funfun. Bí mo bá fún ọ̀kan lómi tó tó o, mo ti pa èkejì.

Nítorí náà, ẹ tètè mọ bí omi ṣe ń ṣe nínú ọgbà yín kí ẹ tó ronú nípa àwọ̀ rárá. Ẹ mú agboorùn, ẹ jáde nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gidi, ẹ dúró, ẹ wo ibi tí omi ń gbà àti ibi tó ń sùn sí. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ bu omi kún un, kó fà, ẹ tún bu òmíràn kún un. Bí omi kejì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ má gbin periwinkle síbẹ̀. Èmi ṣe é lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́: lábẹ́ òrùlé mi, omi wà níbẹ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lẹ́nu géètì, kò pé wákàtí méjì tó fi gbẹ. Ilé kan náà, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ síra wọn!

Tó bá sì ti jẹrà, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ sójú kan náà. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ń ṣe é, inú ilẹ̀ ló ń gbé, omi ló sì ń gbé e láti gbòǹgbò kan dé òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ti àárín fi kọ́kọ́ lọ, tí àwọn yòókù wá tẹ̀ lé e. Ká ní mo tiẹ̀ rí òmíràn rà lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, á kàn kú lẹ́yìn ayẹyẹ ni.

Ohun mìíràn wà. Ixora tó wà nínú ebè àlùkò, àwọn tó sún mọ́ ògiri tí a rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì, ewé wọn ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹfun inú sìmẹ́ǹtì ló ń ṣe é, ixora kò fẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri. Lẹ́fúnlósùn náà, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, gbogbo ewé rẹ̀ máa lọ. Kò kú, ó ń sùn nínú ilẹ̀ ni, ẹ má wú u dànù. Ẹ tún fi díẹ̀ nínú òdòdó tí ẹ bá rà pamọ́ sínú ọ̀rá níbi tí òjò ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pàápàá bí ọjọ́ kan bá wà tí ẹ torí rẹ̀ gbìn ín. Ká ní mo ní periwinkle mẹ́wàá péré nínú ọ̀rá ni.

Àárín tó ṣófo yẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Amọ̀ lásán kì í ṣe ẹ̀gàn. Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín, ẹ ní òjò ló bà á jẹ́. Àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń sọ ọ́ títí di báyìí pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé ta ló ń tẹ́ aṣọ funfun sórí ebè. Èmi ni. Òdòdó ni mo ń bò, kì í ṣe òkú, Ọlọ́run sì mọ ọkàn mi.

Nígbà tí òjò sinmi lóṣù kẹjọ, mo pe Bàbá olódòdó padà, mo sì kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. A fi spider lily àti lẹ́fúnlósùn kún gbogbo abẹ́ òrùlé. A fi búlọ́ọ̀kù gbé ebè tuntun ga lẹ́nu géètì, a po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tán, periwinkle funfun 20 ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń tanná.

Màámi ò tíì rí i. Wọn ò tíì wá sílé mi látọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ní ń dùn wọ́n ni wọ́n sọ. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ lọ gbé wọn wá, mo sì ti ní kí Dáre gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ géètì.