Orí mi ń ta pì
Ẹ kú ojúmọ́ o. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo dín sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mi, kù láti 50 mg sí 25 mg, lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n sọ pé òòyì lè kọ́ mi. Wọn ò sọ pé orí á máa ta pì bí ẹni tí iná gbé! Mo kàn yíjú wo ẹ̀gbẹ́ nínú bọ́ọ̀sì ní Peckham, ní London, lánàá, pì! Mo di irin mú gbọin. Ìyá àgbà kan ní, "Ṣé kò sí nǹkan, ọmọ mi?" Mo ní, "Kò sí, mà." Irọ́ ni.

Thyroid ọrùn mi tí kì í ṣiṣẹ́ tó ló dá kún un. Levothyroxine, oògùn tó ń dí àlàfo rẹ̀, ni mò ń lò láràárọ̀ kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. Bí kò bá tó lára, á rẹ̀ mí, òtútù á mú mi, inú mi á bàjẹ́ láìnídìí. Nígbà tí mo wá ń sunkún nídìí aṣọ fífọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, èwo ni kí n dá lẹ́bi? Oògùn tí mò ń fi sílẹ̀ ni, àbí ọrùn?

Dókítà ní ká yẹ TSH wò, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bí thyroid ṣe ń ṣiṣẹ́, ká tó tún dín sertraline kù. Màmá mi ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù, kí n máa mu àgbo. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá," mo sì gbé levothyroxine mi mì.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀. Apá òsì ni mo máa nà sí wọn. Iṣan ti ọ̀tún kì í hàn bọ̀rọ̀.