Mo ní ọkàn mi ò balẹ̀, wọ́n ní ìrònú ni

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì ló kó bá mi. Ó bi mí pé, "Kí ló ń ṣe yín, mà?" Mo ní, "Ọkàn mi ò balẹ̀." Ó mi orí, ó kọ nǹkan sínú fáìlì mi. Nígbà tí mo fi máa dé iwájú dókítà, ìrònú àti àìsùn ni wọ́n ti kọ síbẹ̀. Wọ́n fún mi ní oògùn oorun, wọ́n ní kí n lọ sinmi, kí n yé ronú. Mo gba oògùn, mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ní aago méjì òru ọjọ́ yẹn, nǹkan tó ń fò láyà mi tún bẹ̀rẹ̀.

N kò di gbogbo ẹ̀bi ru nọ́ọ̀sì. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ọkàn tí a fi ń ro nǹkan náà ni ọkàn tó ń lù kìkì. Ẹni tí ẹ̀rù bà, a ní àyà rẹ̀ já. Ẹni tí nǹkan ń dà láàmú, a ní ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wá ń sáré gan-an nínú igbá àyà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa bọ́ sí i lẹ́nu. Èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara ni mo ń wí. Èyí tó ń ronú ni nọ́ọ̀sì gbọ́. Mo sì ń ronú lóòótọ́ o. Ta ni ọkàn rẹ̀ á máa fò lóru tí kò ní ronú?

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi wà láàárín "àrùn ọkàn ni" àti "ìrònú lásán ni". Màmá mi ní, "O máa ń ronú jù, ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́." Èmi ní tèmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó máa bá mi tọ́ àwọn ọmọ tí n kò bá jí lọ́jọ́ kan.

Dókítà kejì ló bi mí bí ẹnikẹ́ni ò ṣe bi mí rí. Kò ní kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹ fi ìka yín lu tábìlì yìí, bó ṣe ń ṣe yín láyà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lù ú." Ojú tì mí díẹ̀. Mo na ìka kan, mo bẹ̀rẹ̀: kì, kì, kì, kì-kì… mo dúró… gbì! Kì, kì, kì. Ó ní kí n tún un lù. Mo tún un lù. Òun náà wá na ìka tirẹ̀, ó lu oríṣi mẹ́ta fún mi. Àkọ́kọ́ rọra ń yára sí i, ó sì rọra ń rọlẹ̀, kò sí ibi tó ti yẹsẹ̀. Èkejì bẹ́ sílẹ̀ lójijì, eré burúkú ló ń sá, ó tún dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí èèyàn pa iná. Ẹ̀kẹta kò ní ìlànà kankan, ó rí játijàti bí ìlù ẹni tí kò mọ ìlù ú lù. Ó bi mí pé èwo ló jọ tèmi. Mo ní àkọ́kọ́ ni tí mo bá gun àtẹ̀gùn, àmọ́ ti òru yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ti "gbì" yẹn ni.

Ó ní ohun tí mo ń pè ní kí ọkàn gbàgbé láti lù kì í ṣe ìgbàgbé. Ìlù kan ló dé ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì kún inú ọkàn tó nígbà yẹn, nítorí náà ìlù náà kì í lágbára, èèyàn lè má mọ̀ ọ́n lára rárá. Ọkàn á wá dúró díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á kún un dáadáa, èyí tó bá tẹ̀ lé e á sì wúwo. Gbì! Èyí tó ń já mi láyà yẹn gan-an ni ọkàn fi ń padà sí ipò rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko ló ń ní in tí wọn ò mọ̀. Èmi ń mọ̀ ọ́n nítorí pé ìhà òsì ni mo máa ń sùn sí, ọkàn á wá sún mọ́ igbá àyà, ilé á sì ti dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ tábìlì yẹn dání. Tí ẹ bá fẹ́ lọ rí dókítà nítorí irú nǹkan báyìí, ẹ má sọ pé ọkàn yín ò balẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ lù ú fún un. Ẹ sọ bóyá ó ń bẹ̀rẹ̀ lójijì tàbí ó ń rọra wá, iye ìṣẹ́jú tó ń lò, ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tó dé, ohun tí ẹ jẹ tàbí tí ẹ mu ṣáájú. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́, ní abẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ ka ìlù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, láàárín 60 sí 100 ni tirẹ̀ máa ń wà. Tèmi lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 108, lórí àga.

Wọ́n ṣe ECG fún mi, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Wọ́n lẹ nǹkan 10 mọ́ mi lára, mẹ́fà láyà, mẹ́rin yòókù lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n má mira. Ó dára, àfi pé ó yára. Inú mi ń dùn lọ ni dókítà sọ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ni ìwé yẹn gbà sílẹ̀, kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. Ni wọ́n bá fún mi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ìlù ọkàn sílẹ̀ láìdúró, tí wọ́n ń pè ní Holter, mo gbé e kọ́rùn fún wákàtí 24. Àwọn ìlù tó ń dé ṣáájú àsìkò yẹn ló bá, wọn ò sì pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ló wá tú àṣírí. Haemoglobin mi, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó, jẹ́ 8.4. Obìnrin tí kò lóyún, ó yẹ kí tirẹ̀ tó 12.

"Nǹkan oṣù yín ńkọ́?" Mo ní bó ṣe máa ń rí náà ni. "Báwo ló ṣe máa ń rí?" Mo ṣàlàyé. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí wákàtí, ó ti mọ́ mi lára, n kò kà á sí àìsàn.

Níbí ni mo ti rí bí mo ṣe ń fi ọwọ́ ara mi koná mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò tó, èyí tó kù ní láti sáré kí oxygen, afẹ́fẹ́ tí ara ń lò, lè dé ibi gbogbo, ọkàn ló sì ń lé e. Ìyẹn mú kó máa rẹ̀ mí. Nítorí pé ó ń rẹ̀ mí, mo ń mu kọfí, ife mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kaféènì ń lo bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó jáde lára, torí náà tí mo bá ń wá oorun ní aago mọ́kànlá, ìdajì ife yẹn ṣì wà nínú mi, ó ń ta ọkàn ní kẹ́ṣẹ́. N kò ní sùn, á rẹ̀ mí sí i láàárọ̀, mo tún gbé ife. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo máa ń mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ kọfí àti tíì kì í jẹ́ kí ara rí irin inú oúnjẹ fà dáadáa. Irin yẹn gan-an sì ni ẹ̀jẹ̀ mi ń wá.

Mo lo oògùn irin, wọ́n tọ́jú ohun tó fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ yẹn. Mo dín kọfí kù ní ife kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, torí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí fọ́ mi bíi pé wọ́n ń la igi lórí mi. Ẹ má bẹ̀rù tí ìgbẹ́ bá dúdú nígbà tí ẹ bá ń lo irin, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Tiyín lè má jẹ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ o. Ó lè jẹ́ thyroid, ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, tó ń ṣiṣẹ́ jù: ara á máa gbóná, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á máa rù. Ó lè jẹ́ ibà, àìtó omi lára, sìgá, ọtí, oyún, tàbí àsìkò tí nǹkan oṣù ń fẹ́ dá. Ìgbẹ́ gbuuru àti oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ lè fa potassium, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́, wálẹ̀ nínú ara, ọkàn ò sì fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ẹ wo oògùn tí ẹ ń lò pẹ̀lú: oògùn imú dídí tó ní pseudoephedrine nínú, àti salbutamol tí àwọn tó ní ikọ́ asímà ń fà sẹ́nu, àwọn méjèèjì lè mú kí ọkàn sáré. Kí ẹnikẹ́ni má sì dédé dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ọkàn dúró. Òmíràn wà tó jẹ́ pé dídá a dúró lójijì ló ń lé ọkàn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, haemoglobin mi di 12.3. Ìlù ọkàn mi di 76. Ọkàn balẹ̀, èmi ò balẹ̀.

Ìpín yìí ni ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Ìka mi ti mọ ọ̀nà ọrùn. Mo ń dáná, ìka wà lọ́rùn. Mo ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ìka wà lọ́rùn. Mo kà á lọ́jọ́ kan, ìgbà 31 ni mo yẹ ara mi wò kí n tó sùn. Tí mo bá sì ti ń wá a, mo máa rí i, nítorí ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ń tú adrenaline, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìjàyà, sínú ẹ̀jẹ̀, adrenaline á lé ọkàn, ìka á gbọ́ ọ, ẹ̀rù á pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan tí mo wà lórí ìlà, ó ká mi mọ́ débi pé ètè àti ìka mi ń ta mí ṣín-ín-ṣín-ín, ojú mi ń ṣú. Mo rò pé ó ti dé nìyẹn. Mo ti ń mí gúlegúle láìmọ̀, mo ti mí carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí ara ń lé jáde, síta ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló fa títa yẹn. Irú ìjàyà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ká ní mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ti wo aago.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà mí lọ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn tó ń rí sí ìlera ọkàn (ẹ tún rí i, ọkàn kan náà). Mo rò pé ó máa ní kí n dùbúlẹ̀ kí n sọ̀tàn ìgbà èwe mi. Ó kọ́kọ́ bèèrè bóyá dókítà ti yẹ̀ mí wò tán, ó ka ìwé àyẹ̀wò, ó wá ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan." Àwa méjèèjì la jọ sáré nínú ọ́fíìsì rẹ̀, pẹ̀lú bàtà. Nígbà tí a dúró, ọkàn mi ń lù kìkìkì. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí ọrùn, ó ní, "Ẹ gbé e sórí itan. Ẹ jẹ́ kó máa lù." A jókòó, a ń wo ara wa. Ó lù títí, ó rọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi ń ṣe irú eré yìí, n kò sì mọ ohun mìíràn tó ràn mí lọ́wọ́ tó o.

Tí ó bá ká mi mọ́ níta, mímí ni mo ń lò. Mo máa ń fi imú fà á sínú dé oókan sí ẹẹ́rin, mo sì ń tú u síta jẹ́jẹ́ dé oókan sí ẹẹ́fà, ìyẹn ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú kan. Ìtúsíta tó gùn ló ń dẹ ọkàn lára. Àwọn tó ń ní kí èèyàn ki imú bọ àpò bébà, ẹ má dá wọn lóhùn; tó bá jẹ́ pé àìsàn mìíràn ni kò jẹ́ kí èèyàn lè mí dáadáa, ó lè ṣe é ní jàǹbá. Mo tún ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí: aago, ohun tí mo ń ṣe, bí mo ṣe sùn lóru ṣáájú. Oṣù kan péré, ìwé náà ti fi hàn pé ọjọ́ tí n kò bá sùn tó wákàtí márùn-ún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn, mo bọ́ ọ. Ó wúlò fún àwọn kan, ó ń ya èmi ní wèrè.

Àwọn ìgbà kan wà tí mímí kì í ṣe ohun tó kàn. Tí fífò àyà bá wá pẹ̀lú ìrora àyà, tí èèyàn dákú tàbí tó ń fẹ́ dákú, tí èémí ò tó, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìgbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ agbára gan-an ló ń dé, tí èèyàn ti ní àrùn ọkàn tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹbí rẹ̀ kan kú lójijì ní kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ìrònú ni" dá yín padà kí wọ́n tó ṣe àyẹ̀wò.

Mo fi ìwé kékeré yẹn han màmá mi ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ṣí i láti ẹ̀yìn, wọ́n ka èyí tí mo kọ kẹ́yìn: "Aago 2:10 òru, ẹ̀ẹ̀kan, gbì. Mo yí sí ọ̀tún." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí ló tún wá ṣẹlẹ̀?" Mo ní, "Mo sùn, mà."