Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹni tó rí i lójú ni kó bá oníwárápá dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ

Ẹni tí wárápá gbé ṣubú kì í sábà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà ọpọlọ fi ń wá ẹni tó wà níbẹ̀ kó tó wá ẹ̀rọ. EEG tó ń ka iná ọpọlọ lè má rí nǹkan kan lára ẹni tó ní wárápá dájúdájú, torí àsìkò díẹ̀ tí ara rẹ̀ balẹ̀ ló fi wò ó. Bí èsì bá dára, ẹ má torí ẹ̀ da oògùn nù.

Fídíò ni mo fẹ́ràn jù. Kí ẹnì kan dúró ti aláìsàn, kí ẹlòmíràn ká a sínú fóònù, kó sì wo aago. Kí ojú àti ọwọ́ méjèèjì hàn. Ṣé ojú là sílẹ̀? Nínú gìrì wárápá, ó sábà máa ń là. Ẹni tó di ojú pinpin lè ní nǹkan mìíràn tí oògùn wárápá kò wò, ṣùgbọ́n dókítà ni kó dá a mọ̀. Ọwọ́ wo ló kọ́kọ́ gbọ̀n? Tó bá jẹ́ tòsì, apá ọ̀tún ọpọlọ là ń fura sí. Gbígbọ̀n nìkan kò tó o, ẹni tó dákú lásán náà máa ń gbọ̀n díẹ̀. Àmọ́ òun á ti làágùn, ojú rẹ̀ á ti ṣú, kì í sì í pẹ́ tó fi ń jí. Oníwárápá á dàrú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè ti gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jẹ.

Ìbéèrè lásán lágbára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun, dókítà ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn fi ìbéèrè wá àwọn oníwárápá láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Iye oníwárápá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987 jẹ́ nǹkan bí ènìyàn 5 nínú 1,000.

Tí oníwárápá bá ṣubú, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Bí gbígbọ̀n bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ló máa ká. Kò sẹ́ni tó ń gbé ahọ́n mì. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Tí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ kó tó jí, ilé ìwòsàn ló kàn. Àgbo ìtọ̀ màlúù lè fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kó sì dín mímí kù; ọmọ tí ì bá jí lè má jí mọ́.

Ẹ kó oògùn lọ pẹ̀lú páálí wọn, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbàgbé láti lò, bí ó tilẹ̀ tini lójú. Dídá oògùn wárápá bíi carbamazepine tàbí phenobarbitone dúró lójijì lè fa gìrì tí kò ní dáwọ́. Obìnrin tó ṣì lè lóyún, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ valproate, oògùn wárápá mìíràn, fún un, torí ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Ẹni tó ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kó tètè lọ bá dókítà. Kó má fúnra rẹ̀ já a.